Àwo Sólveig

Inú àpò ìrọ̀rí ni wọ́n fi àwo náà sí.
Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló gbé e wá láti Gimli,
ó ní, "Màmá ní kí n fún nọ́ọ̀sì alẹ́,
ẹni tó máa ń kùn bí oyin
nígbà tó bá ń yí òun padà lórí bẹ́ẹ̀dì."
Èmi nìyẹn. N kò mọ̀ pé mo máa ń kùn.

Lẹ́yìn páálí rẹ̀, tàdáwà ti ṣá:
Sólveig Bjarnason, piánò. Gbọ̀ngàn ìjọ Lútérù, 1961.
Ohùn D. Kí ó yá, kí inú ó dùn.

Irọ́, mo ní.
Ohun tí mo gbọ́ nínú yàrá mi ní Wínípẹ́ẹ̀gì,
tí òtútù ń fi èékánná ha wíńdò,
kò yá rárá.
Ó ń rìn bí ẹni tó ru omi kún garawa dé etí
tí kò fẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù.
Ọwọ́ òsì á sọ̀rọ̀, á dákẹ́,
ọwọ́ ọ̀tún á ronú kí ó tó dáhùn.
Mo rí i: ìyá arúgbó àti irin tó fi ń tilẹ̀
láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìwẹ̀,
ìgbésẹ̀ kan, ìsinmi; ìgbésẹ̀ kan, ìsinmi.
Mo sunkún díẹ̀. Mo din ẹyin. Mo lọ sí iṣẹ́.

Etí mi ló kọ́kọ́ fura.
Bàbá mi ló kọ́ mi ní dóò-rèé-mìí
lẹ́yìn ilé ìsìn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà,
á gbá irin ẹlẹ́ka méjì mọ́ orúnkún, á ní,
"Dóò ilé yìí dà? Wá a kàn kí o tó jókòó."
Mo wá dóò Sólveig lọ: kò sí nílé tí páálí júwe.
Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ìdajì àkàsọ̀ kan.

Ní èdè tiwa, rẹ ohùn kan ṣoṣo sílẹ̀,
ọkọ́ inú oko á di ọkọ inú ilé.
Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá jọ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ò yí:
baba ló pè é ni, ọmọ ló pè é ni, orúkọ kan náà ni.
Kí ló wá yí?

Ostáp, alátùn-únṣe ní Òpópó Selkirk, tú ìdí ẹ̀rọ náà,
ó fa rọ́bà kan jáde
tó ti dẹ̀ bí rọ́bà yẹ̀rì ìyá àgbà.
"Èyí ló ń wọ́ ẹsẹ̀," ó ní, "kì í ṣe ẹni tó ń tẹ piánò."
Dọ́là mẹ́rìnlá.

Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.
Hà!
Ọmọbìnrin kan sáré jáde,
ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò wọ bàtà,
ó ń fo àtẹ̀gùn ní méjì méjì,
ọwọ́ òsì ń lé ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́,
ó ṣì í tẹ̀ níbì kan, kò bìkítà,
díẹ̀ ló kù kí n gbọ́ ẹ̀rín.
Dóò wà nílé. Páálí kò purọ́.

Ta nìyí?
Èmi tí mo wẹ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta,
tí mo mọ ibi tí awọ ara rẹ̀ ti fẹ́ bó,
n kò bá ọmọbìnrin yìí pàdé rí.
Ostáp ń fi ìka gbá káńtà tẹ̀ lé e.
Mo ní kó bá mi pa á ná.

Lọ́sàn-án, nílé, mo máa ń jẹ́ kó sáré.
N kì í dí i lọ́wọ́. Ó tọ́ sí i.
Ṣùgbọ́n àwọn òru kan wà tí n kì í lọ sí iṣẹ́,
tí yìnyín ń bọ́ sórí odò láìpariwo,
mo máa ń fi ìka kan kan etí àwo,
fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni di apá aláìsàn mú,
títí ohùn yóò fi sọ ìdajì àkàsọ̀ yẹn kalẹ̀,
tí Sólveig tèmi yóò tún gbá irin rẹ̀ mú,
ìgbésẹ̀ kan.
Ìsinmi.